Ọdún Mẹ́fà Lára Pátákó

Oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí pátákó yẹn. Èmi àti àkọ́bí mi ọkùnrin la wa mọ́tò láti Houston, a gba ọ̀nà I-10, ó lé ní wákàtí mẹ́rin kí a tó dé Baton Rouge. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà náà. Ẹnikẹ́ni ò pè wá. A kàn fẹ́ wo bí LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, ṣe ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù ni. Nígbà tí a jókòó tán ní Alex Box Stadium, mo gbójú sókè sí ẹ̀yìn ògiri pápá lápá ọ̀tún, mo rí pátákó ràgàjì kan tí wọ́n ya ẹkùn sí. Ojú ẹkùn náà le koko. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n kọ sí i: 1991, 1993, 1996, 1997, 2000, 2009. Àwọn ọdún tí wọ́n gba ife gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà ni. The Intimidator ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, adẹ́rùbani. Ó sì dẹ́rù bà mí lóòótọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Bí mo ṣe ń dàgbà ní Òkè-Àdó, kò sí alẹ́ Sunday kan tí bàbá mi ò ní sọ ìtàn 1976 fún wa, ọdún tí Shooting Stars gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú ife bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìtàn náà bí ẹni tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí wọ́n fi ìtàn ife wò dàgbà ni mí. Torí náà, nígbà tí mo rí ọdún mẹ́fà tí wọ́n tò sára pátákó kan ṣoṣo, orí mi wú. Mo fọwọ́ tọ́ ọmọ mi léjìká, mo ní, "Ṣé o rí i? Irú ibi báyìí ni wàá lọ." Ó ní, "Mo rí i, Dádì."

Gbólóhùn tèmi yẹn ló kó wa sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. LSU kọ́ ni ọmọ mi padà lọ o. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni, tí òun náà ní àwọn ọdún tirẹ̀ lára ògiri, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ nítorí àwọn òbí Yorùbá tí mo ń rí káàkiri Texas àti Georgia, tí ọmọ wọn ti fi bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ sílẹ̀ tó ti ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, tí àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀ ju pé ọmọ àwọn ń ju nǹkan le.

Ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan á dúró lórí òkìtì láàárín pápá, á máa ju bọ́ọ̀lù. Ọmọ kejì á dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́, á fẹ́ gbá a. Ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù yẹn, ajubọ́ọ̀lù, ni gbogbo ìdíje rọ̀ mọ́. Ipò tọmọ mi nìyẹn. Ní yunifásítì, ikọ̀ kan lè gbá ìdíje 56 kí sáà tó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan ikọ̀ 64, wọ́n á máa já ara wọn títí á fi ku mẹ́jọ, àwọn mẹ́jọ yẹn á sì kó lọ sí ìlú Omaha ní Nebraska. Láti ọdún 1950 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Bí òbí kan bá sọ fún yín pé ọmọ òun ti dé Omaha, ẹ kí i dáadáa.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe jù. Látìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni a ti ń gbé e kiri pẹ̀lú ẹgbẹ́ alárìnkiri tí àwọn òbí máa ń san owó sí kí ọmọ wọn lè gbá ní òpin ọ̀sẹ̀. Dallas lónìí, San Antonio lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì, epo mọ́tò, bàtà onírin lábẹ́, igi, olùkọ́ aládàáni. Mi ò ka owó náà rí. Ìyàwó mi ló ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan láìsọ fún mi. Lọ́jọ́ tó ṣí ìwé náà síwájú mi, ọdún mẹ́ta péré ló ti kọ, ó sì ti lé ní $21,000. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí la ń rà?" Mo dá a lóhùn pé sikọ́láṣíìpù la ń rà. Ohùn mi dá mi lójú gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2019, ìpè méjì ló wọlé. Èkíní wá láti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí kò gba ife kankan rí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn wa mọ́tò wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a sọ fún un, ó jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, ó sì gbé ìwé kékeré kan jáde tó ya àwọn ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ sí. Ó fi bírò tọ́ka sí àwọn tó máa parí ẹ̀kọ́, ó ní, "Tó bá di ọdún kejì, mo fẹ́ kí ọmọ yín máa bẹ̀rẹ̀ ìdíje lọ́jọ́ Sátidé, sir." Ó máa san ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo wo ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá ife, mi ò rí. Mo ti kọ̀ ọ́ lọ́kàn mi kí n tó pa fóònù.

Èkejì ni ti ilé-ẹ̀kọ́ olókìkí yẹn. Ìmeèlì ni wọ́n fi ránṣẹ́, orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀, àmì ilé-ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó wá gẹ́gẹ́ bíi preferred walk-on. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi sínú férémù. Mo pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, a se ìrẹsì, a din ẹran, gbogbo wa wọ fìlà aláwọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Pásítọ̀ wa gbàdúrà lé e lórí. Ìyàwó mi nìkan ló ka ìwé náà tán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bi mí nínú kíṣìnnì pé níbo ni wọ́n kọ iye tí wọ́n máa san sí.

Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ torí wọn ò ní san nǹkan kan. Walk-on ni ọmọ tí wọ́n jẹ́ kó wá bá wọn gbá láìfún un ní kọ́bọ̀ nítorí eré. Preferred tó wà níwájú rẹ̀ kò ju pé wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí n mọ̀ kí n tó ná dọ́là kan ni pé, lásìkò náà, òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì, fún ikọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ìpele kìíní ní sikọ́láṣíìpù 11.7 péré, nígbà tí ọmọ tó wà nínú ikọ̀ tó 35. Bí ẹran iléyá ni wọ́n ṣe ń gé e: wọ́n lè pín in dé ọ̀dọ̀ ọmọ 27, ẹni tó bá sì kàn kò gbọdọ̀ gbà dín ní ìdá mẹ́rin kan. Àwọn tó kù, owó bàbá wọn ni wọ́n ń jẹ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń lérò pé ọmọ tó bá mọ eré yìí dáadáa máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní American football. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí.

Síbẹ̀, mo tún ní ìdáhùn fún ìyàwó mi. Mo sọ ìtàn Warren Morris fún un, mo sì sọ ọ́ fún ọmọ mi títí ó fi sú u. Ní Baton Rouge la ti gbọ́ ọ, lẹ́nu bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Sikọ́láṣíìpù ìwé ni Morris fi wọ LSU, ó wá lọ dán ara rẹ̀ wò nínú ikọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1996, LSU àti Miami pàdé nínú àṣekágbá ní Omaha. Ó ku ẹnì kan péré kí LSU kógbá wọlé, Miami ń borí wọn pẹ̀lú 8 sí 7. Ọmọ LSU kan ti wà ní ìdúró kẹta, èyí tó kẹ́yìn kí èèyàn tó sáré wọlé gba àmì. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí Morris, ó gbá a, bọ́ọ̀lù rẹ́ orí ògiri apá ọ̀tún kọjá, òun àti ẹni tó wà ní ìdúró kẹta jọ wọlé, ó di 9 sí 8, eré parí. Kò gbá irú rẹ̀ kan ní gbogbo sáà náà tẹ́lẹ̀. Ó sì jẹ́ pé egungun kékeré kan ti ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kan náà.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: ọmọ tí wọn ò fún ní sikọ́láṣíìpù eré, tó farapa, tó fara dà á, tó di akọni. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a. Apá kan wà tí mo máa ń fò.

Kí ọmọ mi tó débẹ̀ ni Kòrónà dé. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, NCAA fagi lé gbogbo ìyókù sáà náà. Wọ́n wá ṣàánú àwọn ọmọ tó pàdánù, wọ́n ní kí oníkálukú ní ọdún kan sí i láti fi gbá. Lọ́dún kan náà, àwọn ikọ̀ MLB, líìgì béèsìbọ́ọ̀lù àwọn tó fi eré ṣiṣẹ́ jẹun, tí wọ́n máa ń fi ìpele 40 yan àwọn ọmọ tuntun tẹ́lẹ̀, ìpele 5 péré ni wọ́n ṣe. Àwọn tó yẹ kó jáde kò jáde, àwọn tó ń bọ̀ sì ń wọlé. Mo ka gbogbo èyí nínú ìròyìn, ọkàn mi ò sì so ó mọ́ ọmọ mi rárá. Ìgbà tí mo gbé e dé yàrá rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, mo rí àwọn tí wọ́n jọ máa du ipò. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni àwọn kan, ẹni ọdún 23, tí èjìká wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ọmọ mi ò tíì máa fá irùngbọ̀n.

Ọmọ 52 ló wà níbi ìgbaradì, 24 nínú wọn ló jẹ́ ajubọ́ọ̀lù. Ọmọ mi ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé inning mélòó, ìyẹn ìpín eré, ni ajubọ́ọ̀lù 24 máa pín nínú ìdíje tó jẹ́ inning mẹ́sàn-án. Ìṣirò tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ibi burúkú ni o. Mo kórìíra kí òbí máa ba orúkọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ò ti rí ṣe jẹ́. Àṣà gbígba ife wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kàn wà níbi tí mi ò wò ni. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi nígbà kan bóyá wọ́n máa ń kó wọn lọ síwájú ògiri tí àwọn ọdún ife wà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dádì, kò sẹ́ni tó ń wo ògiri yẹn. Àlejò ló wà fún." Ohun tí wọ́n ń wò ni òkìtì. Bí ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù ṣe ń sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa mú ràkì, á dí ihò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ́, á bu omi sí amọ̀ náà, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi le, kí ẹni tó ń bọ̀ má baà tàsé ìgbésẹ̀. Àgbà wọn, ẹni tí àwọn ikọ̀ olówó ti ń wá kiri, ló kọ́kọ́ ń ṣe é, kí ọmọ tuntun tó ṣe. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù nínú ìgbaradì, ẹnì kan á kọ ọ́ sílẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, aago márùn-ún ààbọ̀, wọ́n ti wà nídìí irin gbígbé. Ìyẹn ni wọ́n fi ń gba ife.

Ìgbà tó yá ni mo wá lóye LSU gan-an. Ọdún 1984 ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Skip Bertman, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn tó ti ṣe igbákejì Ron Fraser ní Miami, tó sì bá wọn gba ife 1982. Ẹ wo pátákó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ọdún tó ṣáájú lórí rẹ̀ ni 1991. Ó lọ sí Omaha ní 1986, ó padà lọ́wọ́ òfo. 1987, ọwọ́ òfo. 1989, bẹ́ẹ̀. 1990, bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni ọdún mẹ́rin yẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ wọn sára pátákó. Ife márùn-ún ni Bertman gbà kó tó kúrò ní 2001, ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó síbẹ̀ lọ́dún 2018, aṣọ nìkan ni mo rí.

Ẹ sì wo USC ní Los Angeles. Ife méjìlá ni wọ́n ní, kò sí yunifásítì tó ní iye yẹn. Mọ́kànlá nínú rẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Rod Dedeaux, gbà fún wọn. Láti 1970 dé 1974, wọ́n ń gbà á léraléra ni, ọdún márùn-ún gbáko. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti 1998. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lè fẹ́yàwó báyìí. Ó yẹ kí èmi ọmọ Ìbàdàn ti mọ èyí láìjẹ́ pé mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, torí Shooting Stars tí bàbá mi ń yin ọdún 1976 rẹ̀ yẹn ti já kúrò ní líìgì àgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2021, inning mẹ́rin ni ọmọ mi jù ní gbogbo sáà. Mẹ́rin. A wa mọ́tò lọ wo ìdíje mọ́kànlá, a rí i lórí òkìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó mi máa ń gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán dání. Àwòrán tí a ní jù ni ti ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ Thursday kan nínú oṣù kẹrin. Mo wà nínú mọ́tò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí n wọṣẹ́ alẹ́. Ó pè mí. Ó ní, "Dádì, ìgúnpá mi ń ta mí. Nígbà tí mo bá ju bọ́ọ̀lù, àwọn ìka mi méjì tó kẹ́yìn máa ń kú tìpìrì." Nọ́ọ̀sì ni mí o. Bí aláìsàn bá sọ irú gbólóhùn yẹn fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ ohun tí mo máa kọ sínú fáìlì rẹ̀, mo mọ dókítà tí mo máa pè. Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi ni pé, "Warren Morris ńkọ́? Ìwọ fara dà á. Tí o bá sọ fún wọn báyìí, wọ́n á gbàgbé rẹ." Ó ní, "Ó dáa, sir." Kì í pè mí ní sir. Mo pa fóònù, mo wọlé lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, níbi ìgbaradì, ó ju bọ́ọ̀lù kan, ó gbọ́ bí nǹkan ṣe já. Ó ní ó dún bíi ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ kárọ́ọ̀tì.

Apá tí mo máa ń fò nínú ìtàn Morris nìyí: kò fi ọwọ́ tó ṣẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ti jókòó sẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ ìdíje sáà náà, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ ti san, kó tó padà gbé igi. Ìtàn ìwòsàn ni, èmi sọ ọ́ di ìtàn ìfaradà. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi, ó sì ti dárí jì mí. Ẹ̀yin òbí, ìka tó ń kú tìpìrì, ìgúnpá tó ń ta ọmọ nínú, bọ́ọ̀lù tí kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: ọjọ́ kan náà ni kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dúró dìgbà tí sáà bá parí.

Ní òpin sáà, wọ́n pe àwọn ọmọ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi bá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, wọ́n ní ó máa dára fún un tó bá rí ibi tí àyè wà. Láti oṣù kẹrin ọdún náà ni NCAA ti gbà pé kí ọmọ lè fi ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan kó sì gbá lójú ẹsẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́béèsìbọ́ọ̀lù ní láti fi ọdún kan jókòó. Ó dára fún àwọn ọmọ. Ó tún jẹ́ kí ikọ̀ olókìkí lè lọ mú ajubọ́ọ̀lù tó ti gbó láti ibòmíràn dípò kí wọ́n dúró de tiwa kó dàgbà.

Ọdún 1974 ni Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí ọmọ mi nílò, fún ajubọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Tommy John, orúkọ ọkùnrin náà ni wọ́n sì fi ń pè é dòní. Wọ́n á yọ iṣan kan láti ibòmíràn lára, ti ọmọ mi wá láti ọrùn ọwọ́, wọ́n á fi rọ́pò èyí tó já ní ìgúnpá. Ó lé ní ọdún kan kí ajubọ́ọ̀lù tó padà sórí òkìtì. Ìgbà tí owó dé ni mo mọ̀ pé adójútòfò ìlera (insurance) tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbé e lé; ti ilé-ẹ̀kọ́ kàn ń gbá ìyókù jọ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ béèrè èyí kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí nǹkankan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ìwé ikọ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo pe ọkùnrin tó jẹ mọ́ínmọ́ín nílé wa. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo pè é. Ó gbé fóònù, ó rántí orúkọ ìyàwó mi. Ó ní àyè ọmọ mi ti kún. Ó wá sọ ohun kan tó ràn wá lọ́wọ́ jù: ká mú un lọ sí kọ́lẹ́jì ọlọ́dún méjì, kó wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn níbẹ̀, kó máa ju bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti máa ń fojú kéré irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tó bá wà níbẹ̀, àwọn ikọ̀ MLB lè yàn án lọ́dún èyíkéyìí, nígbà tí ẹni tó bá wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin ní láti lo ọdún mẹ́ta tàbí kó pé ọmọ ọdún 21. Owó ibẹ̀ kò tó ìdajì ìdajì èyí tí a ń san. Pápá wọn ò ní àga tó dáa, ìyàwó mi máa ń gbé tiwa dání nínú búùtù mọ́tò.

Ìdíje àkọ́kọ́ tí ọmọ mi jù níbẹ̀ ní ìgbà ìrúwé ọdún 2023, èèyàn tó wà níjòókòó kò tó ọgọ́ta. Ó ju inning méjì. Nígbà tó parí, kò tíì lọ jókòó. Ó lọ mú ràkì, ó dí ihò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bu omi sí i, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ yòókù ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kí sáà yẹn tó parí, gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe é.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwa méjèèjì jọ wo àṣekágbá LSU àti Florida nílé, ẹni tó bá gba méjì nínú ìdíje mẹ́ta ló ni ife. Florida fi 24 sí 4 na LSU lọ́jọ́ Sunday, mo ní ó ti tán. Ọmọ mi ní, "Ẹ fara balẹ̀, Dádì. Àwọn tí wọ́n jù lónìí kọ́ ni wọ́n máa jù lọ́la." Lọ́jọ́ Monday, LSU gbà á pẹ̀lú 18 sí 4. Lọ́dún 2025 wọ́n tún gba òmíràn, ó di mẹ́jọ. Inú mi dùn fún wọn. Mi ò tún wá ọdún náà lára pátákó kankan.

Ọmọ mi ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti fi eré sílẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú yìí. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mú ọmọ rẹ̀ wá sílé wa lẹ́yìn ìsìn. Ajubọ́ọ̀lù ni ọmọ náà, ó ga, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ti tẹ ìmeèlì kan jáde, ó gbé e dání bí ìwé-ẹ̀rí, ó ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì ka iye ife tí wọ́n ti gbà. Mo rí ojú ara mi lójú rẹ̀. Mo sọ fún un pé òfin ti tún yí padà láti 2025: ikọ̀ tó bá wọ inú àdéhùn tuntun tí NCAA bá àwọn eléré ṣe lè fún gbogbo ọmọ ní sikọ́láṣíìpù, ṣùgbọ́n ọmọ 34 péré ni wọ́n lè ní, nítorí náà àyè walk-on ti dín kù gan-an. Mo ní kó wá orúkọ àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n gbà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ṣì máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wo iye wọn tó ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kó wá òbí ọmọ tí kì í gbá, kó bá a sọ̀rọ̀. Òbí ìràwọ̀ ò ní mọ nǹkan tí a ń wá. Ó ń mi orí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìwé náà.

Ọmọ mi jáde láti inú yàrá, ó kí wọn. Ọmọ náà ní, "Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá." Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó ṣí ojú ìwé tí orúkọ ikọ̀ náà wà. Ó ní, "Jẹ́ ká ka àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn." Wọ́n jọ ń fi ìka kà á lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyára. Wọ́n dé orí 19, wọn ò tíì dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ìyá ọmọ náà rọra tẹ ìmeèlì yẹn délẹ̀ lórí tábìlì, ó sún àga rẹ̀ mọ́ wọn.